Kú Tán, Jàre, A Fẹ́ Relé

Ẹ̀rín rẹ̀ ni Ọ̀gá Ariwo kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i. Ọ̀nì inú fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà nínú odò ni, síìpù abẹ́ ikùn rẹ̀ sì hàn gbangba, gbogbo gbọ̀ngán wá ń pariwo pé kí wọ́n bá a fà á sókè. Láàárín ariwo yẹn ni ẹ̀rín kan ti jáde láti ìlà àga iwájú. Ó gòkè, ó dúró lójijì bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró. Ọ̀gá Ariwo wo ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀ nínú kóòtù funfun àwọn apòògùn, ó gbé báàgì lé itan, ìmọ́lẹ̀ fíìmù ń ṣeré lójú rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. Ọkùnrin náà gbàgbé ohun tó kàn láti pariwo.

Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, nítorí iṣẹ́ ariwo ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, fíríìjì ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, á gun àga onígi kan níwájú gbọ̀ngán sinimá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, á kọ ẹ̀yìn sí fíìmù, á kọjú sí èrò, á sì máa darí ariwo wọn. Kò nílò láti wo fíìmù náà mọ́. Ó mọ̀ ọ́n lórí bó ṣe mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀.

Amí Tí Kì í Làágùn lorúkọ fíìmù ọ̀hún. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ṣe é, kò sì dára nígbà tí wọ́n ṣe é náà. Amí kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọ kóòtù funfun gba inú aṣálẹ̀, inú ẹrẹ̀ àti inú iná kọjá láìní àbààwọ́n kankan. Ìyàrun rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn, bírò rẹ̀ ń yìnbọn. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọkùnrin sísanra kan tó fẹ́ jí gbogbo iyọ̀ inú òkun kó, kò sì sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀tá yìí máa ń mì tìtì tí wọ́n bá ti pa ilẹ̀kùn dé, torí ara aṣọ ni wọ́n yà á sí.

Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà mọ gbogbo àléébù yìí, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá dá a láṣà láti bá wọn bú u ti wá ìjà. Bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń hanrun ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe sí i, àwọn ará ilé nìkan ló láṣẹ ẹ̀.

Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ikú ẹ̀ṣọ́ kan tó ń ṣọ́nà fún ọ̀tá. Amí fi bírò yìnbọn fún un. Kàkà kí ọmọkùnrin náà ṣubú kó kú bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó di ògiri mú, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó jókòó, ó tún dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wá fi ohùn ìrora sọ pé, "Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́." Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún tún gbé e yí yàrá ká. Akúmátán ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Ọ̀gá Ariwo á na ọwọ́ sókè, gbogbo gbọ̀ngán á sì dá a lóhùn pé, "Kú tán, jàre, a fẹ́ relé." Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ náà, ó na ọwọ́ sókè, wọ́n pariwo, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin iwájú kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ó tẹjú mọ́ Akúmátán bí ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ láàárín èrò ọkọ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ náà kú tán, ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì di báàgì rẹ̀ mú.

Ẹnu ọ̀nà ni Ọ̀gá Ariwo ti bá a, níbi tí Ìyá Onísinimá, ìyá arúgbó tó ni gbọ̀ngán náà tó sì ń yí fíìmù fúnra rẹ̀, ti máa ń ta tíì lẹ́yìn ìran. Ọkùnrin tó ń pariwo fún odindi gbọ̀ngán kò rí ohùn lò. Ó ní òun rí i pé kò bá wọn pa Akúmátán.

"Ẹ pọ̀ tó láti pa á láìsí èmi," ni ọmọbìnrin náà fi dá a lóhùn, ó sì bu tíì rẹ̀ mu.

Ọ̀gá Ariwo bi í bóyá yóò tún wá lóṣù tó ń bọ̀. Apòògùn wo àpò irinṣẹ́ tó gbé kọ́ èjìká, ó bi í pé iṣẹ́ kí ló ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó ní fíríìjì tí òun ń kó oògùn sí ní ṣọ́ọ̀bù ń pariwo ju Ọ̀gá Ariwo fúnra rẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ wá pa ìyẹn lẹ́nu mọ́ ná.

Ó pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá wò ó bóyá ó ṣì dákẹ́. Ó tún wá láti nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wá láti sún un kúrò lára ògiri, ó sì tún wá láti sún un padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, Apòògùn fi ìgbọ̀nwọ́ ti orí káńtà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa san fún yín tí ẹ ó fi jẹ́ kí fíríìjì yìí sinmi?"

Ó ní kó kàn bá òun rìn dé ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n rìn ín, wọ́n sì fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn láìmọ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí Ọ̀gá Ariwo sì di "ariwo mi" lẹ́nu obìnrin náà. Òun náà ń pè é ní "oògùn mi", ìyẹn á ní kó má lò ó ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Apòògùn máa ń wá sí gbọ̀ngán lóṣooṣù, á fi ọ̀nì rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn ún, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ikú ẹ̀ṣọ́, á dìde jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Ọ̀gá Ariwo bi í ní ṣọ́ọ̀bù, ó to páálí oògùn kan tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi ni Akúmátán."

Ọ̀gá Ariwo rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Apòògùn sọ ọ́ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Agẹrun ni bàbá òun, fíìmù yẹn nìkan ló sì ṣe rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá òun kú, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ sí gbọ̀ngán láti lọ rí iṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí ikú rẹ̀ kàn, ó gbọ́ tí gbogbo èrò ní kó kú tán, àwọn fẹ́ relé. Ó jáde kí iná tó tàn, kò sì jẹ́ kí wọ́n dárúkọ fíìmù náà nínú ilé láti ìgbà yẹn. Òun alára ń yọ́ wá wò ó láìjẹ́ kí bàbá mọ̀ ni, òun kàn fẹ́ mọ bí ojú bàbá òun ṣe rí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

"Ó máa fẹ́ràn rẹ," ló wí. "Ohun gbogbo lo lè bá a sọ. Má ṣáà dárúkọ fíìmù yẹn."

Ọ̀gá Ariwo búra. Ó tiẹ̀ ṣe ìdánrawò nílé, ó to àwọn ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sílẹ̀ lọ́kàn: ojú ọjọ́, fíríìjì, irun gígẹ̀, bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ló lọ. Pálọ̀ bàbá náà mọ́ tónítóní, aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun wà lápá àwọn àga, àga agẹrun àtijọ́ kan wà lẹ́bàá fèrèsé, àwòrán ìyàwó rẹ̀ sì wà lókè rédíò. Bàbá gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó wo irun orí àlejò rẹ̀ yíká, ó bi í pé ta ló bá a bà á jẹ́ báyìí, ìyẹn sì jẹ́ kí ara tu gbogbo wọn. Fíríìjì bàbá ń mì bí ẹni otútù mú. Ọ̀gá Ariwo tẹ̀ ba, ó ká páálí, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì náà kan, ìyẹn sì dákẹ́ wọ́ọ́. Inú bàbá dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ọmọ mi". Apòògùn ń wo àwọn méjèèjì láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ayọ̀ kò jẹ́ kó lè pa ẹnu dé.

Bàbá ní kí òun lọ mú ife tó dáa wá. Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde dé ìdajì, ó tún jókòó, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

Ọwọ́ Ọ̀gá Ariwo nà sókè fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ náà là fúnra rẹ̀, ohùn tó sì jáde lọ́jọ́ náà, odindi gbọ̀ngán ni ì bá gbọ́ ọ: "Kú tán, jàre, a fẹ́ relé."

Ó wù ú kí ilẹ̀ la ẹnu kó gbé òun mì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò mọ ibi tó fẹ́ gbé e sí. Nígbà tí bàbá máa sọ̀rọ̀, kò pè é ní ọmọ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí èèyàn ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ ló ń bá a sọ.

"Ẹ fẹ́ relé, àbí? Ọ̀nà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rọra máa lọ."

Apòògùn bá a ní ẹnu géètì. Ó ń sunkún, inú sì ń bí i. "O mọ ìdí tó fi pẹ́ kú bẹ́ẹ̀? Ìyá mi ló ń gbé iná fún wọn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù yẹn. Ó ti wu bàbá mi tipẹ́, kò rí ọ̀nà bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tó ń kú yẹn nìkan ni ìyá mi gbọ́dọ̀ máa wò ó, kó lè tan iná sí i lára. Bàbá mi ò fẹ́ kó gbójú kúrò lára òun. Lẹ́yìn náà ni màámi sọ fún un pé òun sunkún lẹ́yìn iná, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ohun tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lóṣooṣù nìyẹn."

Ọ̀gá Ariwo ní òun máa padà wọlé lọ bẹ̀ ẹ́. Apòògùn ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun kò ní purọ́ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá òun nìkan ló tọ́ òun dàgbà, òun kò sì lè fẹ́ ẹni tí bàbá òun kò lè bá jókòó sójú kan. Ó yí padà, ó wọlé lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dùn rárá. Fíríìjì ṣọ́ọ̀bù oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí Ọ̀gá Ariwo kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí bàbá náà ti ń gẹrun, ó jókòó sórí àga bí oníbàárà. Bàbá wò ó nínú dígí. Ó ta aṣọ bò ó láyà, ó pọ́n abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá Ariwo dúró títí abẹ fi kúrò ní ọ̀fun rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mi ò ní sọ pé a ò rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ikú yín kúrò nínú fíìmù yẹn, kò sẹ́ni tó máa wá mọ́. Torí yín la ṣe ń wá."

Bàbá nu abẹ. "Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń wò ó yìí, ẹ ò tíì wò ó rí. Ariwo ara yín lẹ̀ ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá Ariwo lára, nítorí òótọ́ ni. Òun tó kọ ẹ̀yìn sí fíìmù láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ìgbà wo ló wo Akúmátán kẹ́yìn? Ó bẹ bàbá pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, pé kò sẹ́ni tó máa la ẹnu. Bàbá gbọn irun kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ní irun náà ti wá jọ ti èèyàn.

Àtipa èrò yẹn lẹ́nu mọ́ le ju fíríìjì èyíkéyìí lọ. Ọ̀gá Ariwo tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ kan ní tí òun kò bá ní pariwo, kí ni òun ń wá síbẹ̀, ṣé ibẹ̀ ti di ilé ìwé ni? Olùkọ́ kan, tó ń wá sinmi ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ní òun kò mọ̀ bóyá ẹnu òun máa gbọ́. Ọ̀gá Ariwo sọ òótọ́ fún gbogbo wọn pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, àti pé òun ti bẹ Akúmátán fúnra rẹ̀ pé kó wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, ojú ti àwọn kan, inú àwọn mìíràn sì dùn kọjá sísọ pé ọkùnrin náà ṣì wà láàyè.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Apòògùn àti bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá, bàbá fa fìlà bojú. Síìpù ọ̀nì kọjá, òkè ńlá mì, ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Àwọn kan ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu. Nígbà tí ikú ẹ̀ṣọ́ kàn, Ọ̀gá Ariwo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó sì kọjú sí fíìmù.

Akúmátán di ògiri mú. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó tún fìlà ṣe. "Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

Fáànù òkè nìkan ló ń dún. Ikú náà gùn, ó gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ni èèyàn lára. Ọ̀gá Ariwo wá rí i pé láìsí ariwo àwọn, ikú náà burú lóòótọ́, àti pé òun ti mú bàbá àgbàlagbà wá jókòó wo ìtìjú rẹ̀ láìsí ohun tó máa bò ó.

Ìgbà náà ni ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gòkè, ó dúró lójijì bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó wá tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró.

Gbogbo gbọ̀ngán yíjú sí Apòògùn. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Inú fíìmù ni ẹ̀rín náà ti wá, láti ẹ̀yìn iná, níbi tí ojú kò dé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ariwo ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Bàbá ti dìde. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Ìyá Onísinimá dá a padà. Akúmátán tún ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ̀rín náà tún jáde, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Apòògùn di bàbá rẹ̀ lápá mú, ẹ̀rù ń bà á. Bàbá tẹ́tí títí ó fi parí.

"Ó sọ fún mi pé òun sunkún," ló wí. "Gbogbo ayé wa ló fi sọ fún mi pé òun sunkún." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn tó wà nítòsí rò pé ẹkún ni, ó sì jọ pé ẹkún díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló gbẹ̀yìn. "Ìyá rẹ tàn mí jẹ, ọmọ mi. Òun ló kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí wọ́n tún dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ọmọkùnrin inú fíìmù sọ pé ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́, bàbá na ọwọ́ rẹ̀ gígùn sókè níbi tó dúró sí, ó sì fi ohùn tó kárí gbọ̀ngán pariwo pé, "Kú tán, jàre, a fẹ́ relé."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé ilé náà. Awakọ̀ yẹn gun orí àga. Olùkọ́ yọ áńkáṣíìfù kúrò lẹ́nu, ó pariwo gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù.

Nígbà tí èrò ń jáde, Ọ̀gá Ariwo dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kó sún mọ́ wọn tàbí kó fara pamọ́. Bàbá ló wá bá a. Ó yẹ irun orí rẹ̀ wò, ó ní ó ti ń hù, ó ti tó tún un gẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wá wí, "ó dà bíi pé o fẹ́ relé. Ilé wa ni kí o bá wa lọ. Fíríìjì yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀."

Apòògùn ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ti Ọ̀gá Ariwo. Ó sọ sí i létí pé irọ́ ni, fíríìjì náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, bàbá òun ló yọ páálí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní àkókò tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, gbogbo èrò gbọ̀ngán ló kún ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé bi ọkọ ìyàwó bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí. Bẹ́ẹ̀ ni nìkan ló yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ariwo ní ohun púpọ̀ lọ́kàn. Ó di tábìlì mú, ó nu ojú, ó tún kọ́là ṣe, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Onísinimá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ọ̀nì kan.

Láti ìlà ẹ̀yìn, ohùn tó balẹ̀ kan dá a lóhùn. "Sọ ọ́ tán, jàre, a fẹ́ relé."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gòkè, ó sì dúró. Ọkọ rẹ̀ dúró dè é títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.